Etí Bẹ́ǹṣì Tó Ṣófo: Bí Ẹ̀rọ DNA Ṣe Ń Ṣí Tó Sì Ń Pa Dé

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi DNA, èròjà tó ń gbé àbùdá nínú ara ohun abẹ̀mí, ṣe àpótí tó ń ṣí ìdérí ara rẹ̀, wọ́n sábà máa ń rò pé nǹkan ọ̀hún ní ẹ̀mí, tàbí pé mọ́tò kékeré kan wà nínú rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orúkọ "róbọ́ọ̀tì" tí wọ́n fún un ló fa ìṣìnà yìí, ó sì ń dunni, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wuni ju róbọ́ọ̀tì lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí àwọn obìnrin Bùnú nídìí òfì. Ní ọdún 2006, Paul Rothemund ní Amẹ́ríkà mú fọ́nrán DNA gígùn kan láti ara fáírọ́ọ̀sì M13, tí lẹ́tà rẹ̀ (àwọn kẹ́míkà A, T, G àti C tó tò léra nínú DNA) lé ní 7,000, ó sì fi fọ́nrán kéékèèké tó lé ní 200 dè é níbi tó yẹ, títí ó fi di àwòrán tó fẹ́. Lẹ́tà A ń so mọ́ T, lẹ́tà G ń so mọ́ C. Òfin híhun náà nìyẹn. Àmọ́ aṣọ tí a bá ti hun kì í fúnra rẹ̀ tú, kì í sì í fúnra rẹ̀ so padà.

Láti mọ bí ti DNA ṣe ń tú tó sì ń so padà, ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ tó gbéra ní gáréèjì Kàbbà tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹnì kan ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ ṣẹ́kù ní etí kan, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹlòmíràn wọlé, ó fi ìdajì ìdí lé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń já sí kòtò, àwọn méjèèjì ń mì: nígbà mìíràn, ẹni àkọ́kọ́ á jèrè ìwọ̀n ìka kan, nígbà mìíràn, ẹnì kejì ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá já bọ́ lódìkejì, kò ní rí etí kankan tó ṣófo tí yóò fi ìdí lé láti padà. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán DNA kan ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ òmíràn. Àyè òfo náà, tó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà bíi márùn-ún sí mẹ́jọ, ni fọ́nrán tuntun kọ́kọ́ ń dì mú, lẹ́yìn náà ni yóò máa gba lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń ti ẹnikẹ́ni; ooru inú omi ni kòtò ọ̀nà wọn. Bí àyè yẹn bá kúrò ní òdo tó di lẹ́tà bíi mẹ́fà, ìyára ìṣẹ̀lẹ̀ náà lè di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Fífi lẹ́tà díẹ̀ kún un tàbí yíyọ díẹ̀ kúrò ti tó láti pinnu bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe yá tó, ọgbọ́n tó rọrùn bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ láyé.

Ọ̀nà yìí ni Bernard Yurke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀mú DNA ní ọdún 2000. Fọ́nrán kan, tí wọ́n pè ní epo, á fa apá méjèèjì pọ̀. Òmíràn á dì í mú láti etí tó ṣẹ́kù, á fà á kúrò, ẹ̀mú á sì tún là. Àléébù ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tó bá ṣí tó sì pa dé, fọ́nrán méjì tó ti so pọ̀ á di pàǹtí nínú omi, pàǹtí náà á sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi yan ìmọ́lẹ̀: wọ́n á fi azobenzene, kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ ń yí ìrísí rẹ̀ padà, há àárín àwọn lẹ́tà, ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí ojú kò lè rí á tẹ̀ ẹ́ kọ, fọ́nrán á tú, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí á nà án, wọ́n á tún so. Èyí kò ní pàǹtí, ó sì mọ́ ju ti epo lọ.

Nínú àgbá kékeré onídérí tí wọ́n fi DNA ṣe láti gbé oògùn, tí Shawn Douglas, Ido Bachelet àti George Church gbé jáde ní ọdún 2012, purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì ló ń gba bẹ́ǹṣì. Fọ́nrán méjì tó so pọ̀ ni àgádágodo tó ti àgbá náà pa; ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn purotéènì yẹn ju èkejì rẹ̀ lọ, nítorí náà ó máa ń fi èkejì sílẹ̀ nígbà tó bá bá a pàdé. Àgádágodo méjì ló wà. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣí, àgbá á ṣì wà ní pípadé, oògùn inú rẹ̀ kò sì ní kan sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gé DNA jẹ, nítorí náà wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi bo àgbá náà tí kò ní dí àgádágodo rẹ̀.