Òṣìṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Kan fún Àjọ Mẹ́ta

Àjọ aláàánú kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, kò ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó máa gba odidi ọ̀sẹ̀, kò sì lówó tó máa fi gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Síbẹ̀, bí ímeèlì bá kọṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí irú àjọ mẹ́ta fi máa ń para pọ̀ gba ẹnì kan. Ètò yìí ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1990, kó tó dé Ìlú Ọba. Circuit rider ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ náà, orúkọ tí wọ́n yá lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó ń gẹṣin láti ìjọ dé ìjọ.

Ọjọ́ ni wọ́n ń pín, owó sì ń tẹ̀ lé ọjọ́. Kì í ṣe owó oṣù nìkan o: owó ìfẹ̀yìntì, ìsinmi àti owó ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ni agbanisíṣẹ́ ló le jù. Bí àjọ kan bá gbà á, tó wá ń gbowó lọ́wọ́ àwọn yòókù, òfin Ìlú Ọba ka ìyẹn sí títa iṣẹ́. Bí àjọ náà bá ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT, ìyẹn owó orí ọjà àti iṣẹ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lè gorí owó náà, ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú kò sì lè gbà á padà. Ó sàn kí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan, kó jẹ́ pé owó oṣù ni wọ́n jọ ń san.

Ibi tí àdéhùn ti ń já sí asán ni ọjọ́ tí wàhálà méjì bá pàdé. Ká ní òṣìṣẹ́ náà wà ní àjọ kejì láàárọ̀ Túsìdeè, tó ń to kọ̀ǹpútà tuntun, ni àjọ kìíní bá pè: ẹnì kan ti kọ password rẹ̀ sínú ímeèlì àwọn oníjìbìtì. Kò ní láti wọkọ̀ lọ. Níbi tó jókòó sí, á ti àkáǹtì náà pa lórí gbogbo ẹ̀rọ, á pààrọ̀ password, á sì wò ó bóyá wọ́n ti ṣètò kí ẹ̀dà ímeèlì máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ibi tí wọ́n sábà máa ń fara pa mọ́ sí nìyẹn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ìwé owó. Àdéhùn gbọ́dọ̀ ti sọ ṣáájú pé ewu owó àti àṣírí àwọn tí àjọ ń ràn lọ́wọ́ ló ṣáájú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kọṣẹ́ á dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Wákàtí tí wọ́n yá lọ́wọ́ àjọ kejì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà láàárín oṣù náà.

Àkáǹtì alábòójútó, tí wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn àkáǹtì yòókù, àti àpótí password, ibi tí wọ́n ń kó password pamọ́ sí, ti àjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá wà, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì lè ṣí i láìsí òṣìṣẹ́ náà nítòsí, nítorí ó máa lọ sísinmi, ó sì lè rí iṣẹ́ síbòmíì.