Mẹ́táàlì Wúwo: Ohun Tí Ẹ̀fọ́ Ààtàn Ń Fà Mu

Ẹ̀fọ́ tó hù lórí ààtàn kì í jọ ẹ̀fọ́ tó ní àléébù. Ewé rẹ̀ á fẹ̀, á dúdú mìnìmìnì. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ fi fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò béèrè ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ààtàn kì í kọ ilẹ̀: bátìrì tó ti kú, ọ̀dà tó ṣí lára ògiri, eérú táyà, ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú erùpẹ̀ dúdú yẹn.

Òjé, kádímíọ̀mù, nííkẹ̀lì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn là ń pè ní mẹ́táàlì wúwo. Òjé nìkan ju ìdajì ìwọ̀n bátìrì mọ́tò lọ. Wọn kì í ṣe kòkòrò àrùn, wọn kì í jẹrà, iná ò pa wọ́n, iyọ̀ ò pa wọ́n.

Ọ̀nà tí òjé ń gbà dé orí ewé yàtọ̀ sí ti kádímíọ̀mù. Eruku ló sábà máa ń gbé òjé wá, pàápàá lẹ́bàá títì. (Epo bẹntiróòlù olójé ti kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó ti já sílẹ̀ láyé ọjọ́un ò tíì kúrò nínú ilẹ̀.) Omi lè ṣan púpọ̀ nínú òjé tó bà lórí ewé dànù. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀, gbòǹgbò ló ń fà á mu, pàápàá bí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀, kò tó 6. Èyí ti wọ inú ewé, fífọ̀ ò ràn án.

Codex, ìgbìmọ̀ tí FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) jọ dá sílẹ̀, fi òté lé e pé òjé inú kílò kan ẹ̀fọ́ eléwé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ, kádímíọ̀mù 0.2.

Àwọn ọmọdé ló ń forí fá a jù. Ìfun ọmọ kékeré lè gba òjé ní ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà, ọpọlọ rẹ̀ ló sì ń bà jẹ́. Egungun ni òjé ń sá pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, ó lè tú jáde lọ bá ọmọ inú. Kíndìnrín ni kádímíọ̀mù ń lọ, kì í sì í tètè kúrò: ọdún 10 sí 30 lè kọjá kí ìdajì rẹ̀ tó dín. Kò ní dun èèyàn lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò níbòmíràn láti gbin nǹkan, kó kó erùpẹ̀ mímọ́ gègèlé tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀. Láìmù àgbẹ̀ (ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa ń dín ohun tí gbòǹgbò ń fà kù. Eérú igi náà dára, kì í ṣe eérú ààtàn o! Bí ilẹ̀ bá sì ń kọ yín lóminú, ẹ gbin ilá, ata tàbí tòmátì níbẹ̀ dípò ẹ̀fọ́, nítorí mẹ́táàlì wọ̀nyí kì í sábà wọ èso tó bí wọ́n ṣe ń wọ ewé.

Láti yẹ ilẹ̀ wò, ẹ bu erùpẹ̀ níbi 10, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a lábẹ́ òjìji, kí ẹ mú ìdajì kílò nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí wọ́n ti lè fi AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn mẹ́táàlì, wò ó. Ọkọ́ tó ti dípẹtà kọ́ ni kí ẹ fi bù ú, yóò da èsì rú.

Nínú ilé, ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ yé bi í bóyá ó tutù, ẹ bi í pé, "Ìyá, níbo lẹ ti já a?"