Kàlìkùlatẹ̀ ò lè fúnra ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú mọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ ní garáàsì púpọ̀ níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), láti Wàǹdó títí dé ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́, ó sì ń dùn mí. Tẹ́nì kan bá ti yọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò ẹ̀, tó fi èyí tó jù ú lọ sí i, tó wá bi wọ́n pé kàlìkùlatẹ̀ ńkọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bírénbọ́ọ̀sì, wọ́n á ní "Ẹ fọkàn balẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ á kọ́ ọ fúnra ẹ̀, ẹ ṣáà yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ máa wà á lọ." Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́, torí mọ́tò náà á sítáàtì, á dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó wà á láàárín ìlú fún oṣù kan, kò ní ṣe nǹkankan.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Carina E. Ẹ́ńjìnnì 4A-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, 1587 cc ni. Àwọn èèyàn máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi 7A-FE sí i, 1762 cc nìyẹn, torí ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nǹkan ara wọn ló bára mu. Ohun tó fi jù ú lọ jẹ́ bí ìdá 11 nínú 100. Kékeré ni lójú, àbí?

Kàlìkùlatẹ̀ mọ́tò yìí kì í wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fúnra ẹ̀. Ohun tó ń wò ni agbára afẹ́fẹ́ nínú páìpù àbáwọlé àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó, á wá lọ wo tábìlì nọ́ńbà kan táwọn tó ṣe mọ́tò ti kọ sínú ẹ̀, tábìlì yẹn láá sọ iye ẹ̀sáǹsì tó máa fọ́n àti ìgbà tí iná máa ṣẹ́ lórí bùjíì (púlọ́ọ̀gì). Ẹ́ńjìnnì 1587 ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó dà bíi télọ̀ tó fi ìwọ̀n àbúrò rán aṣọ ẹ̀gbọ́n, ó lè tú ojú rírán díẹ̀ kó gba ara, àmọ́ aṣọ ò ní pọ̀ ju bó ṣe gé e lọ.

Títú ojú rírán yẹn ni wọ́n ń pè ní "á kọ́ ọ fúnra ẹ̀". Òótọ́ ni pé kàlìkùlatẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Sọ́ǹdù wà nínú páìpù èéfín tó ń tọ́ èéfín wò, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á ní kí wọ́n fi ẹ̀sáǹsì kún un, bó bá kéré jù, á ní kí wọ́n dín in kù, títí á fi dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 pàdé ẹ̀sáǹsì ìwọ̀n 1. Ìdá 11 ò ju agbára ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi ń dùn láàárín ìlú, níbi tẹ́ ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kò tún gbọ́ ti sọ́ǹdù mọ́! Irú sọ́ǹdù yẹn ò mọ nǹkan míì ju etí 14.7 lọ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹrù wúwo, nǹkan bí 12.5 sí 13 ni ẹ́ńjìnnì nílò kí inú ẹ̀ má bàa gbóná jù. Kàlìkùlatẹ̀ á padà sí tábìlì, tábìlì ìwọ̀n àbúrò. Ibi tó yẹ kó jẹ́ 12.8 á lọ sí bíi 14.2, ẹ̀sáǹsì ò tó, ooru ń pọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń lu kẹ́kẹ́kẹ́ nínú.

Ọkùnrin kan gbé irú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Oṣù méjì ló fi wà á láàárín ìlú, inú ẹ̀ ń dùn, ó wá lọ kó àgbàdo ní Kétu, nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà Pọ̀bẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Ó sáré bọ̀ kí ilẹ̀ má ṣú. Nígbà tí mo ṣí kúlásì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, etí písítìnì kan ti yọ́ bí àbẹ́là. Wọ́n ti sọ fún un pé á kọ́ ọ fúnra ẹ̀, owó tó ná sì ju iye kàlìkùlatẹ̀ tó yẹ kó rà lọ.

Kí lẹ máa wá ṣe? Fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun, èrò tèmi ò pọ̀: ẹ ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kàlìkùlatẹ̀ tirẹ̀, àti gbogbo wáyà ẹ̀ àti sọ́ǹdù ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fáwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Kùtọnù kí wọ́n tó gé wáyà o, torí wọ́n máa ń fi ayùn gé e bí igi ìdáná. Tó bá jẹ́ mọ́tò tuntun tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ní chip nínú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà àti ohun tó ń kà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní sítáàtì.

Kíkọ tábìlì sínú kàlìkùlatẹ̀ àtijọ́ náà wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ Toyota àwọn ọdún 1990 ni ò ṣe é fi fàlíìsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò, kọ láti ẹnu ihò wáyà. Ẹ má sì gba fáìlì mọ́tò ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kàlìkùlatẹ̀ míì bíi MegaSquirt àti Haltech wà tí èèyàn lè kọ gbogbo tábìlì wọn láti òdo, wọ́n dáa púpọ̀, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ó gba sọ́ǹdù tó ń ka ìwọ̀n jìnnà, ó gba ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi turbo, ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, sí i ló nílò ẹ̀.

Ẹ̀sáǹsì tẹ́ ẹ bá máa rà lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi ṣètò ẹ̀. Ẹni tó bá fi ti ìbùdó epo ṣe é, tó wá ti àsìkò iná síwájú, tó bá tún ń ra kpayo, ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́, nínú ìgò létí ọ̀nà nígbà tí owó bá wọ́n, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é kó fa iná náà padà díẹ̀. Kpayo ìgò òní ò dájú pé ó dọ́gba pẹ̀lú ti àná.