Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fìdí rẹmi ló ń kó gbogbo ilé lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé géèmù táwọn bàbá, ìyá àtọmọ máa ń wá, inú mọ́ọ̀lù ni o, ẹ̀gbẹ́ títì ni o, èmi ni wọ́n máa ń pè n'Íbàdàn níbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe kọ́ńpítíṣọ̀n kí kọ́sítọ́mà lè máa pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n dẹ̀ kọ́kọ́ ń bi mí ní gbogbo ìgbà ni pé kí ni ká fi ṣe ẹ̀bùn, ṣé ká ra fóònù ni àbí ká fún wọn lówó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹni tó máa gba ipò kìíní, ẹ ò bẹ̀ ẹ́ kó tó dúró, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ tó máa kọ́kọ́ pàdánù ni kẹ́ ẹ rò kẹ́ ẹ tó ro nǹkan kan, torí tí ọmọ yẹn bá ti ní òun fẹ́ lọlé, òun nìkan kọ́ ló ń lọ.

Ojú mi ló ṣe. Ìdíje tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣètò, ọmọ 16, PS4 mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù PlayStation, géèmù bọ́ọ̀lù, tó o bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan o ti jáde nìyẹn. A bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́ta géérégé. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún 9 lọ, ó wọ jẹ́sì Super Eagles tó tóbi jù ú lọ, ó di pádì mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá a gbá ti lé ní ọdún 13, háàfù tàìmù ò tíì pé tí góòlù mẹ́rin fi wọlé. Ọmọ náà ò sunkún o. Ó kàn rọra gbé pádì sílẹ̀, ó rìn lọ bá ìyá ẹ̀ tó ń jẹ gúgúrú, ó di ìka kan mú lọ́wọ́ ìyá yẹn, ò sọ nǹkan kan. Ìyá wo aago, ó nawọ́ pe àwọn àbúrò ẹ̀ méjì tí wọ́n ṣì wà lórí mọ́tò géèmù, ó pe bàbá wọn. Èèyàn márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan náà laago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 15, àwọn àbúrò yẹn ṣì lówó nínú káàdì tí wọ́n fi ń sanwó géèmù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ẹ ṣe háàfù kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, méjì jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi àsìkò tí wọ́n ń yan kílọ́ọ̀bù sí i, ẹ fi ti ọmọ tó ní pádì òun ò ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, máàṣì kan á gbà yín ní ìṣẹ́jú 12. Tó bá jẹ́ pàdánù-kó-o-jáde lẹ ṣe fún ọmọ 16, máàṣì 15 péré ni gbogbo ẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ á gba ìṣẹ́jú 24 lórí PS mẹ́rin, ọmọ mẹ́jọ ti lọ. Ìpele kejì gba ìṣẹ́jú 12, mẹ́rin míì ti lọ. Ìyẹn ni pé kí wákàtí kan tó pé, kódà láàárín ìṣẹ́jú 36, ọmọ 12 nínú 16 ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń dúró dè mọ́, ẹ sì fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí wọn dúró ra oúnjẹ. Nítorí kí ni?

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é báyìí o. Ẹ pín àwọn 16 yẹn sí gúrúùpù mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin. Kálukú á bá àwọn mẹ́ta yòókù nínú gúrúùpù ẹ̀ gbá, gúrúùpù kan á ní máàṣì mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ pátá jẹ́ 24, PS mẹ́rin á parí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 72. Lẹ́yìn náà, àwọn méjì tó ṣáájú ní gúrúùpù kọ̀ọ̀kan lọ síbi ife ńlá, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn lọ síbi ife kékeré, ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Ife kékeré yìí, tọkàntọkàn ni kẹ́ ẹ ṣe é, kó ní fáínà tiẹ̀, kẹ́ ẹ pe ẹni tó gbà á síwájú, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tó burú jù nínú gbogbo wọn á gbá máàṣì mẹ́rin kó tó jáde, á ti lé ní wákàtí kan dáadáa lọ́dọ̀ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15, tẹ́ ẹ bá gbá fáínà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí gbogbo ilé lè wò ó, ẹ ó parí láago márùn-ún sí márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 20.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín. Nínú ìṣẹ́jú 72 yẹn, ìṣẹ́jú 36 péré lọmọ kan á fi jókòó gbá bọ́ọ̀lù, 36 yòókù ò níṣẹ́ tó ń ṣe, á lọ gun mọ́tò, á lọ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, á lọ ra ìpápánu. Ibẹ̀ lowó yín wà, kì í ṣe nínú owó ìforúkọsílẹ̀. Torí náà ẹ má kó gbogbo ẹ̀rọ fún ìdíje o, mo ti rí ẹni tó ti ẹ̀rọ tọ́mọdé fẹ́ràn jù pa nítorí kọ́ńpítíṣọ̀n, àwọn tí ò forúkọ sílẹ̀ wọlé, wọ́n yíjú padà. Ẹ sì kọ àsìkò máàṣì kọ̀ọ̀kan sórí páálí kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 2:45, 3:09, 3:33, ẹ fi okùn so ó sí i lọ́rùn. Ìyá tó bá ti rí i pé 3:33 lọmọ òun tún máa gbá kò ní máa bi yín lẹ́ẹ̀mẹwàá pé ìgbà wo ni, á kàn lọ wá nǹkan jẹ kó tó tó àsìkò.

Àwọn tó ń gbá géèmù ìjà ní ọ̀nà tiwọn, ẹ ti lè gbọ́ nípa ìdíje Evo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1996, Battle by the Bay ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn gbọ́dọ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde, tó o bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan wàá bọ́ sí apá kejì níbi tó o ti tún lè jà títí wàá fi dé fáínà. Ó dáa fáwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, èèyàn 16 á jà tó ìjà 30 tàbí 31. Ní tọmọdé, mi ò fọwọ́ sí i, torí ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n gbá á pàdánù méjì kíá, àwọn òbí ò dẹ̀ ní mọ ibi tọ́mọ wọn wà lórí àtẹ yẹn.

Géèmù ìjà náà, ẹ fura. Mortal Kombat, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ti ọlọ́dún 17 sókè ni, ẹ má gbé e sórí skíríìnì ńlá níbi tọ́mọ ọdún mẹ́fà ti ń jẹ búrẹ́dì. Bọ́ọ̀lù àti eré mọ́tò ti tó yín ṣe.

Ẹni tí ò ní PS rárá ńkọ́, tó jẹ́ àwọn ẹ̀rọ géèmù ńlá tí wọ́n ń sọ owó wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ yẹn ló ní? Ó tiẹ̀ rọrùn fún yín ju tàwa lọ. Ẹ ṣe ìdíje pé ta ló máa ní ojú àmì tó pọ̀ jù. Iléeṣẹ́ géèmù Atari ṣe irú ẹ̀ lórí géèmù Space Invaders ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, èèyàn tó lé ní 10,000 ló kópa, ẹ ò dẹ̀ nílò jù bọ́ọ̀dù funfun kan àti máákà lọ. Ẹ mú ẹ̀rọ kan, ẹ jẹ́ ká sọ pé ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tó ṣáájú sórí bọ́ọ̀dù, láti aago kan sí aago mẹ́rin ààbọ̀, kálukú wá nígbà tó bá wù ú. Ẹ má gbé bọ́ọ̀dù yẹn sẹ́nu ọ̀nà, ibi táwọn tó ń jẹun á ti máa rí i ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Mo rí bàbá kan lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, agbádá ló wọ̀, ó ti kó ojú àmì jọ, orúkọ ẹ̀ wà nípò kejì, ló bá lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Kò pẹ́ lọmọ ẹ̀ obìnrin sáré dé, “Dádì, ẹ ti já sí ipò karùn-ún o!” Bàbá dìde, ó ká agbádá sí èjìká, ó padà síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ń lọ lọmọ ń tẹ̀ lé e tó ń ka bọ́ọ̀lù fún un sókè. Aago mẹ́rin ààbọ̀ lu kí wọ́n tó lọ.

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, a mọ ọ̀ta tó mọ ayò ta, a mọ ọ̀pẹ tí ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀ta ti ọ̀pẹ kó ní òun ń wá eré tó máa pẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ tó wọ jẹ́sì yẹn nìyẹn, wọ́n fi í ti ẹni tó ń gbá géèmù yẹn lójoojúmọ́ nílé. Ẹ ya ọlọ́dún 7 sí 10 sọ́tọ̀, ọlọ́dún 11 sí 14 sọ́tọ̀, ẹ tún bi wọ́n pé ta ló ní PS nílé, àwọn yẹn kó wà nínú gúrúùpù ara wọn. Ohun míì tí mo mú níbi ayò ni pé àwọn tó dúró tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ló ń mú un dùn. Ẹ wá ọmọ kan tẹ́nu ẹ̀ dùn, ẹ fún un ní máíìkì, Yorùbá ni kó máa fi ṣe kọ́mẹ́ńtárì, kó máa pe orúkọ àwọn ọmọ. Ìyá tó bá ń gbọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀ nínú ẹ̀rọ kò ní tètè dìde.

Àga ńkọ́? Òbí tí ò ríbi jókòó, bí ìdíje yẹn ṣe dùn tó, á ti lọ. Ẹ to àga kó kọjú sí skíríìnì, ẹ jẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, kí omi wà níbẹ̀. Tí gúrúùpù bá parí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kò sí máàṣì kankan, oúnjẹ ló kàn.

Ọ̀rọ̀ iná. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìdíje kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ yín ń pẹ́ kó tó gbé e. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí iná fi lọ tó fi dé, PS ti kú, máàṣì ti lọ, ọmọ tó ń nà án ń sunkún, ẹni tí wọ́n ń nà ń yọ̀. Ẹ fi UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, sábẹ́ PS kọ̀ọ̀kan àti tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti kà á sí wọn létí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé tí iná bá lọ, iye góòlù tó wà nílẹ̀ dúró, ìṣẹ́jú tó kù nìkan la máa gbá. Ẹni tó jókòó ti skíríìnì gbọ́dọ̀ máa kọ góòlù sílẹ̀ bó ṣe ń wọlé, mo ti rí àwọn bàbá méjì tí wọ́n fẹ́ jà nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Ní ti ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ èèyàn kẹ́ ẹ kó o jọ fún ẹni tó bá wọlé, ó ti ń jọ tẹ́tẹ́ nìyẹn, ọmọdé dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Lóṣù November 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà, torí náà ẹ bi lọ́yà nípìnlẹ̀ tiyín tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbówó wọlé. Èmi máa ń jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ti ra káàdì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀bùn á sì jẹ́ ife, àti owó géèmù nínú káàdì tí wọ́n á padà wá ná.

Ọjọ́ wo lẹ máa ṣe é? Ẹ gbàgbé Sátidé, àwọn òbí wà níbi òwàḿbẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí jáde. Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn ló dáa jù, pàápàá èyí tó bá tẹ̀ lé owó oṣù. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ló kàn, ilé ìwé ń bẹ, ọmọ kan wà tí ò tíì ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ẹlòmíì ò tíì di irun. Tí ìdíje bá wọ aago mẹ́fà àwọn ìyá á máa bínú, ọmọ tó wà ní fáínà ni wọ́n á dẹ̀ fà lọ́wọ́ dìde. Ẹ jẹ́ kí fáínà ife kékeré wà láago márùn-ún ku díẹ̀, ti ife ńlá lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ya fọ́tò àwọn méjèèjì pẹ̀lú òbí wọn, ẹ lẹ fọ́tò yẹn mọ́ ògiri títí oṣù á fi yí po, ẹ fi í sórí WhatsApp fáwọn òbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ìdíje tó ń bọ̀ máa wáyé sábẹ́ ẹ̀.