Omi Òkun Nìkan Kọ́ Ni Epo Ẹ̀rọ Ìdàpọ̀ Átọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà gbọ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn átọ́ọ̀mù kéékèèké pọ̀ kí agbára lè jáde, bá bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná mànàmáná, àníyàn epo ti parí nìyẹn, nítorí pé inú omi òkun ni a ó ti máa rí epo náà, òkun kò sì lè gbẹ. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Oríṣi háídírójìn méjì ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jó pọ̀, deuterium àti tritium, deuterium sì pọ̀ lọ jàra nínú òkun. Tritium ni kò sí níbẹ̀. Láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti di helium, èyí tó sì wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ àlàáfíà ní gbogbo àgbáyé kò ju nǹkan bíi kílò 25 sí 30 lọ, tí púpọ̀ rẹ̀ wá láti inú àwọn ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù ilẹ̀ Kánádà. Bẹ́ẹ̀, ìdàpọ̀ tó ń mú agbára gígáwáàtì 1 wá láìdúró yóò jó nǹkan bíi kílò 55 lọ́dún.

Àwọn tó mọ èyí máa ń dáhùn pé ẹ̀rọ náà yóò ṣe tritium tirẹ̀: neutron, ìyẹn ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù, tó jáde láti inú ìdàpọ̀ yóò kọlu lithium, irin fẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó yí ẹ̀rọ náà ká, tritium tuntun yóò sì jáde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n neutron kan péré ni ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú jáde, irin ara ẹ̀rọ náà á sì gbé lára wọn mì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òjé tàbí beryllium kún un kí neutron lè pọ̀ sí i. Bí ìṣirò bá wá fi hàn pé tritium tuntun fi díẹ̀ ju èyí tó jó lọ, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò tíì bùṣe. Láti àwọn ọdún 1980 ni onímọ̀ ẹ̀rọ Mohamed Abdou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ní California ti ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà tọpa tritium káàkiri gbogbo ilé iṣẹ́ iná ìdàpọ̀ tí a ó kọ́ lọ́jọ́ iwájú: inú ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde, ibi tí wọ́n ti ń yọ helium kúrò, ibi ìyàsọ́tọ̀ àwọn oríṣi háídírójìn tó tutù tó nǹkan bíi ìwọ̀n 250 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, títí dé ibi ìpamọ́. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣírò èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó jẹrà di helium, àti iye wákàtí tó fi dúró.

Wákàtí yìí ló ṣe pàtàkì jù, lójú tèmi. Gíráàmù 150 tritium ni ẹ̀rọ gígáwáàtì 1 ń jó lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá 1 nínú 100 èyí tí a dà sínú rẹ̀ ló ń jó, a gbọ́dọ̀ máa da kílò 15 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a sì kó gbogbo ìyókù padà. Bí ìkópadà bá gba wákàtí 24, kílò 15 yóò wà nínú páìpù nígbà gbogbo. Bí ó bá gba wákàtí 4, kílò 2 àti ààbọ̀ ni. Bí oníṣòwò tí owó rẹ̀ há sọ́wọ́ àwọn oníbàárà àwìn ni ó rí: èrè lè wà, kí owó ọjà má sì sí nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fún kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò lé lórí. Ní Culham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìdánwò ọdún 1997 lórí ẹ̀rọ ìdàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní JET, tritium tí kò kéré ló há sára ògiri kábọ̀n rẹ̀, wọ́n sì fi beryllium àti tungsten rọ́pò ògiri náà nígbà tó yá. Títí di òní, kò sí ẹ̀rọ ìdàpọ̀ kankan tó tíì fi lithium ṣe tritium tó ń jó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ dán àwọn ẹ̀yà onílithium kéékèèké wò lára ITER, ẹ̀rọ ìdàpọ̀ ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè rí òǹkà tí wọ́n wọ̀n ní tààràtà fi sínú àwọn ìṣirò náà.