Bí Orúkọ Ọmọ Àlejò Ṣe Ń Dé Kíláàsì Àkànṣe

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 8 kan tí ìyá àgbà tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn òbí rẹ̀ wá mú lọ sí Amẹ́ríkà. Tíṣà bi í ní ìbéèrè, ó dorí kodò, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa àbúrò rẹ̀ obìnrin, "he" ló ń pè é. Kí ni kó ṣe? "Ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún takọ-tabo. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ń ronú pẹ́. Ìdánwò kankan ò tíì wáyé, orúkọ ti wọ ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò fún kíláàsì àkànṣe, ìyẹn kíláàsì àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọ́n ní àìlera.

Láti ibẹ̀, òbí á fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò. Onímọ̀ kan á fún un ní ìdánwò, wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á sì kọ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IEP. Òbí á tún fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè fọwọ́ sí méjèèjì láìkà wọ́n. Ta ló fẹ́ bá tíṣà jiyàn?

Ibi tí àṣírí ti ń tú ni irú àìlera tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ní ti ojú tí kò ríran tàbí etí tí kò gbọ́ràn, tí dókítà ń yẹ̀ wò, iye ọmọ aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ tó bá ti di "ọpọlọ rẹ̀ ò pé tó" tàbí "ìwà rẹ̀ ò tọ́", níbi tó jẹ́ pé ojú èèyàn ni òṣùwọ̀n, iye wọn á ga. Ìṣẹ́ àti òṣì pẹ̀lú ń ba ọmọ lára jẹ́ lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn pé àwọn ọmọ dúdú kan wà tó nílò ìrànlọ́wọ́ tí wọn ò rí i gbà. Ìyẹn ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ní Kalifọ́níà, lọ́dún 1970, ẹjọ́ àwọn ọmọ 9 kan tó ń sọ Sípáníìṣì nílé dé kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán wọn wò kí wọ́n tó kó wọn lọ sí kíláàsì àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé tó. Nígbà tí wọ́n fi Sípáníìṣì tún un ṣe, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló gba máàkì tó kọjá ti kíláàsì yẹn. Lọ́dún 1979, Adájọ́ Robert Peckham ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìdánwò IQ, tí wọ́n fi ń wọn ọpọlọ, kó ọmọ dúdú sí irú kíláàsì yẹn mọ́ ní Kalifọ́níà. Bernard Coard, ọmọ Grenada, ti kígbe irú ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1971 nítorí àwọn ọmọ Karibíánì.

Òfin Amẹ́ríkà wá ní èdè ọmọ ni kí wọ́n fi dán an wò, bó bá ṣeé ṣe. "Bó bá ṣeé ṣe" yẹn ni ihò tó wà lára ògiri: wọn ò ní rí onídàánwò tó gbọ́ Yorùbá níbi gbogbo. Òfin kan náà ní àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí, àti pé òbí tí àbájáde ò tẹ́ lọ́rùn lè ní kí ẹlòmíràn tún ọmọ yẹ̀ wò, kí ilé ìwé san owó rẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ̀rí hàn pé tiwọn péye.

Ìṣòro èdè tó bá jẹ́ àìlera lóòótọ́ kì í mọ sórí èdè kan. Á hàn nínú Yorùbá náà. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kí ìpàdé náà tẹ̀ láago ni ìyá àgbà n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé ọmọ yìí pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀? Tí wọ́n bá rán an ní gàrí àti iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ó máa ń gbàgbé ọ̀kan? Ṣéńjì tó ń mú bọ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ń pé?