Lee Elder

Robert Lee Elder, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lee Elder (ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọdún 1934 – ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, ọdún 2021), jẹ́ agbágọ́ọ̀fù ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kópa nínú Masters, ọ̀kan nínú ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé, ní ìlú Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia, lọ́dún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣojú Amẹ́ríkà nínú Ryder Cup, ìdíje tí ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà fi ń kojú ti òkè òkun. Ìdíje mẹ́rin ló gbà lórí PGA Tour, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, ó sì gba mẹ́jọ lórí ti àwọn àgbà tó ti pé àádọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù ní ìdí tiwọn láti mọ orúkọ rẹ̀: òun ló gba Nigerian Open ní Èkó lọ́dún 1971.

Ìgbà èwe

Ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n bí Elder sí. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́wàá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bógun lọ ní Jámánì lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà fi papòdà. Ọ̀dọ̀ ẹbí kan sí òmíràn ló ń gbé títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, tí wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Los Angeles.

Kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Pápá gọ́ọ̀fù ló sábà máa ń wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Iṣẹ́ káàdì ló ń ṣe níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n sì ń san owó fún un. Ojú ló fi kọ́ eré náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó rí ààyè gbá odindi ihò méjìdínlógún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹni méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ló kópa nínú bí ó ṣe di agbágọ́ọ̀fù. Ọ̀kan ni Ted Rhodes, aláwọ̀ dúdú tó mọ gọ́ọ̀fù gbá gan-an, tó sì ń kọ́ Joe Louis, ìlúmọ̀ọ́ká abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Elder bá Joe Louis gbá gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni Rhodes ti rí i, tó sì mú un sábẹ́ ìtọ́jú ara rẹ̀. Ẹnì kejì ni Alvin Thomas, tí wọ́n ń pè ní Titanic Thompson, ògbólógbòó onítẹ́tẹ́ tí kò sí ohun tí kò lè fi owó lé. Elder a wọ aṣọ dírẹ́bà, a wa Thompson dé pápá tí àwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Thompson a ní dírẹ́bà òun pàápàá lè nà wọ́n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi owó sílẹ̀, dírẹ́bà á sì kó gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún 1959, wọ́n pè é sí iṣẹ́ ológun. Orí rẹ̀ bá a ṣe é, ọ̀gágun tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, nítorí náà gọ́ọ̀fù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ṣe títí ó fi kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1961.

Òfin tó dí i lọ́nà

Lọ́dún 1934, ọdún tí wọ́n bí Elder gan-an, PGA ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 1961 ni wọ́n tó yọ gbólóhùn náà kúrò. Nítorí èyí, àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìdíje tiwọn lábẹ́ ẹgbẹ́ United Golfers Association. Pápá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára, owó tí wọ́n ń fún ẹni tó borí kò sì tó nǹkan. Elder jọba lé wọn lórí níbẹ̀. Ìgbà kan wà tó gba méjìdínlógún nínú ìdíje méjìlélógún.

Bí òfin ti kúrò tán, owó ló tún kù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ PGA Tour gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kó sì fi hàn pé òun ní owó tí òun yóò fi máa rìn káàkiri. Ọdún 1967 ni Elder tó rí owó náà kó jọ. Ó ṣe ìdánwò, ó ṣe ipò kẹsàn-án láàárín ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, nígbà tó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù ti gba ife-ẹ̀yẹ tó pọ̀ kí wọ́n tó dé ọjọ́ orí yẹn.

Ọdún náà gan-an ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n. Nínú American Golf Classic ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, òun, Jack Nicklaus àti Frank Beard jọ parí pẹ̀lú àmì kan náà, wọ́n sì ní láti gbá ihò mìíràn kún un. Beard kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó wá ku Elder àti Nicklaus, ẹni tí kò sẹ́ni tó tó o nínú gọ́ọ̀fù nígbà náà. Ihò àfikún karùn-ún ni Nicklaus tó rí i lù, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Gúúsù Áfíríkà àti Èkó

Lọ́dún 1971, Gary Player, agbágọ́ọ̀fù aláwọ̀ funfun láti Gúúsù Áfíríkà, pe Elder sí ìdíje PGA ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Johannesburg. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló wà lórí oyè níbẹ̀. Elder ní òun yóò wá bí wọn kò bá ní ya òǹwòran dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, tí òun náà sì lè lọ síbi tó bá wu òun. Wọ́n gbà. Síbẹ̀, inú àwọn kan ní Amẹ́ríkà kò dùn sí ìrìn-àjò náà. Wọ́n ní ìjọba yẹn lè fi orúkọ rẹ̀ bo àṣírí ara wọn. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá wò ó ní Johannesburg ní ìdí tiwọn láti dunnú.

Ọdún yẹn kan náà ló wá sí Èkó, tó sì gba Nigerian Open. Ìdíje náà kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà, Ikoyi Club ni wọ́n sì ti máa ń gbá a. Pápá Ìkòyí kò jọ ti Amẹ́ríkà: dípò koríko tútù tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, yanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bọ́ọ̀lù kì í yí lórí rẹ̀ bó ṣe ń yí lórí koríko, àlejò sì gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Sandy Lyle, ọmọ Scotland tó padà gba Masters lọ́dún 1988, náà gba ìdíje Èkó yìí lọ́dún 1978.

Pensacola

Lọ́dún 1968, Elder àti àwọn agbágọ́ọ̀fù dúdú mìíràn dé Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Monsanto Open. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ inú ilé ẹgbẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ àti bàtà.

Orí pápá yẹn náà ló ti borí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 1974. Òun àti Peter Oosterhuis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ parí pẹ̀lú àmì kan náà. Ní ihò àfikún kẹrin, Elder gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà tó tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, ó sì wọlé. Kó tó dunnú tán, àwọn ọlọ́pàá ti yí i ká, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Àwọn kan ti fi ìpè ránṣẹ́ pé àwọn yóò pa á.

Ìborí yìí ló ṣí ilẹ̀kùn Masters fún un, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Augusta National, tó ni pápá tí wọ́n ti ń gbá Masters, ló ń pe ẹni tó bá wù ú sí ìdíje náà. Aláwọ̀ dúdú ni Pete Brown àti Charlie Sifford. Brown gba ìdíje PGA Tour lọ́dún 1964, Sifford gba tirẹ̀ lọ́dún 1967 àti 1969, ìwé ìpè kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni Augusta wá ṣòfin pé láti ọdún 1972, ẹni tó bá ti gba ìdíje kan lórí PGA Tour yóò wá láìjẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan án. Lọ́dún 1973, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà méjìdínlógún kọ̀wé sí Clifford Roberts, alága ẹgbẹ́ náà, pé kí wọ́n pe Elder. Roberts kọ̀; ó ní òfin ni òfin. Lẹ́yìn Pensacola, òfin náà kò ṣeé yí padà mọ́ lórí Elder.

Masters ọdún 1975

Ọdún kan gbáko ló fi dúró kó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Augusta, ìgbà yẹn sì nira fún un. Àwọn akọ̀ròyìn kò jẹ́ kó sinmi, lẹ́tà èébú àti ìhàlẹ̀ sì ń wọlé. Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé méjì ló gbà ní Augusta, tó ń sùn nínú ọ̀kan lónìí, nínú èkejì lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó wà. Ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ kọ̀ láti tà fún òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Paine College, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà, ló dìde láti bọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, ọdún 1975, nígbà tó ti pé ẹni ogójì ọdún, ó gbá bọ́ọ̀lù náà. Òun àti agbágọ́ọ̀fù mìíràn, Gene Littler, ni wọ́n jọ gbá a lọ́jọ́ náà. Àmì 74 ló ní lọ́jọ́ kìíní àti 78 lọ́jọ́ kejì. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí àmì rẹ̀ kéré ló ń borí, nítorí náà àmì mẹ́rin ló fi pàdánù àǹfààní láti gbá a lọ́jọ́ kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó ń dáná, tó ń gbálẹ̀, tó ń gbé oúnjẹ ní Augusta fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá dúró létí ihò kejìdínlógún láti kí i. Ìgbà mẹ́fà ló gbá Masters lápapọ̀. Èyí tó dára jù fún un ni ti ọdún 1979, tó ṣe ipò kẹtàdínlógún pẹ̀lú àwọn mìíràn.

Lẹ́yìn Augusta

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn Elder bíi pé ibẹ̀ ló parí sí, bẹ́ẹ̀ Augusta kọ́ ni ibi tó ti gbá gọ́ọ̀fù rẹ̀ tó dára jù. Ó gba Houston Open lọ́dún 1976. Lọ́dún 1978 ó gba Greater Milwaukee Open, níbi tó ti na Lee Trevino ní ihò àfikún, ó sì tún gba Westchester Classic. Ìwọ̀nyí ló gbé e dé Ryder Cup ọdún 1979 ní The Greenbrier, ìpínlẹ̀ West Virginia, ọdún àkọ́kọ́ tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù para pọ̀ kojú Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ló borí.

Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún lọ́dún 1984, ó bọ́ sí ìdíje àwọn àgbà. Àìsàn ọkàn kọlù ú lọ́dún 1987, ṣùgbọ́n ó padà sórí pápá, ó sì tún gba ìdíje lọ́dún 1988.

Rose, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tó fẹ́ lọ́dún 1966, ló ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1974 ni wọ́n dá àpò owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà. Láti ọdún 1978, wọ́n tún gba àbójútó pápá Langston ní Washington, tí ìjọba kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1939. Sharon ni ó fẹ́ lẹ́yìn Rose.

Lọ́jọ́ tí Tiger Woods, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, máa gba Masters ọdún 1997, Elder wakọ̀ lọ sí Augusta láti wò ó. Ọlọ́pàá dá a dúró lójú ọ̀nà nítorí eré àsápajúdé, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó ṣì tètè dé. Àmì méjìlá ni Woods fi borí ẹni tó tẹ̀ lé e, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Elder, Sifford àti Rhodes ní gbangba.

USGA, ẹgbẹ́ tó ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fún Elder ní àmì-ẹ̀yẹ Bob Jones lọ́dún 2019. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 2021, Augusta National fi òun pẹ̀lú Jack Nicklaus àti Gary Player ṣí ìdíje Masters. Ara rẹ̀ kò le mọ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló fi ń mí. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù, ó kàn gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti orí àga, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kú ní Escondido, California, lóṣù Kọkànlá ọdún náà, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ Augusta National ti gbé ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kalẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ní Paine College, fún agbágọ́ọ̀fù ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù obìnrin nígbà náà, Augusta National ṣèlérí láti san gbogbo owó tí wọ́n máa fi dá a sílẹ̀.